Wákàtí Mọ́kànlá Sí Ẹsẹ̀ Bàbá

Ọ̀gbẹ́ni Fọláhàn kì í sọ pé ibì kan jìnnà. Iye máìlì ibẹ̀ ló máa ń sọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìṣọ́ gíga tí wọ́n ti ń darí bàálù ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Mosúnmọ́lá, pè é láti Atlanta pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́, ìbéèrè méjì péré ló bi í.

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Olúwakóredé, Dádì."

"Ìgbà wo ló ń bọ̀?"

Mosúnmọ́lá fi ẹ̀rín bò ó. "Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù ná."

"Rárá o. Mo ti fi ọmọ fún ohùn orí fóònù rí. Ìwọ náà mọ bó ṣe parí. Láti Atlanta sí Èkó, ẹgbẹ̀rún márùn-ún ó lé ẹgbẹ̀rin máìlì ni. Bàálù tó bá wá tààrà, nǹkan bíi wákàtí mọ́kànlá ni yóò lò, nítorí afẹ́fẹ́ ń tì í láti ẹ̀yìn. Bó bá ń padà, wákàtí méjìlá ààbọ̀. Ohun tí mò ń béèrè ò pọ̀. Kó wá dọ̀bálẹ̀ níwájú mi, kí n rí ojú rẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan ní kọ́ọ̀tù. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Ernest ni ohùn orí fóònù yẹn. Kọ́ọ̀tù kan ní Atlanta ni Mosúnmọ́lá àti Ernest ti fẹ́ ara wọn, ẹ̀yìn tí gbogbo rẹ̀ parí ni wọ́n tó pe Èkó. Ernest ní, "Dádì, màá tọ́jú rẹ̀." Ọ̀gbẹ́ni Fọláhàn sì gbà á gbọ́. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Faith, ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Stockbridge, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé ọmọ náà kò gbọdọ̀ kúrò ní Georgia, ìpínlẹ̀ tí Atlanta wà, lọ gbé ibòmíràn títí tí yóò fi pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, àfi bí bàbá rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Ernest kì í fọwọ́ sí ohunkóhun.

Ìdí nìyẹn tí Mosúnmọ́lá kò fi lè bínú sí ohun tí bàbá rẹ̀ béèrè. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé ó mọ ohun tí bàbá náà kò mọ̀.

*

Oṣù Keje ni òun àti Kóredé pàdé, ní ọjọ́ Sunday tí AC ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Redan kú láàárín ìwàásù. Ọkùnrin kan tó ń tún AC ṣe gun àkàbà lọ sókè àjà, nígbà tó sì sọ̀ kalẹ̀, eruku ti sọ irun rẹ̀ di funfun. Ó rí Mosúnmọ́lá tó ń fi ìwé ètò ìsìn fẹ́ ara rẹ̀ kíkankíkan.

"Sister, ẹ rọra o. Ooru tí ẹ ń lé lọ níwájú, apá yín ti ń dá òmíràn sílẹ̀."

"Ṣé dókítà ni yín ni?"

"Rárá. Mo kàn mọ ohun tó ń mú nǹkan gbóná."

"Ẹ kọ́kọ́ mú un tutù ná, kí ẹ tó máa yangàn. Bàbá arúgbó lẹ dà báyìí."

Ó fọwọ́ gbọn irun rẹ̀, eruku náà sì bà lé aṣọ Mosúnmọ́lá. Ó bẹ̀ ẹ́ títí ìsìn fi parí. Ó tún bẹ̀ ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí kò sí ohun tó ń bẹ̀ ẹ́ fún mọ́.

Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Bó bá wá sí Stockbridge ní Saturday, kì í jókòó lásán. Yóò tún ilẹ̀kùn kan ṣe, yóò kọ́ Faith ní orin kan. Nínú oṣù Kẹwàá, ní ibi tí wọ́n gbé mọ́tò sí níwájú ilé ìtajà, ó sọ fún Mosúnmọ́lá pé kó má tíì sọ̀ kalẹ̀.

"Mo fẹ́ kó o mọ̀ kó tó pẹ́ jù. Mi ò ní pépà. Físà àlejò ni mo fi wọlé ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ó parí, mi ò padà sílé."

Mosúnmọ́lá di ìdarí mọ́tò mú. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni òun. Nọ́ọ̀sì ni, ó ti ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lọ, ó sì ti kọ ọkọ sílẹ̀ rí. Ṣé èmi lọkùnrin yìí rí, àbí ìwé ìrìnnà mi?

"Mo mọ ohun tí ò ń rò," ni Kóredé wí.

"Kí ni mò ń rò?"

"Ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń rò. Bó o bá ní kí n sọ̀ kalẹ̀, màá fẹsẹ̀ rìn dé ibi tí màá ti rí ẹni gbé mi. Mi ò ní bínú."

Kò ní kó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n jọ lọ ra ìrẹsì àti ọṣẹ.

*

Lọ́yà obìnrin kan ní Decatur ló tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ fún wọn. "Ẹ fẹ́ ara yín ní kọ́ọ̀tù níbí," ni ó wí. "Madam yóò kọ̀wé sí ìjọba fún ọkọ rẹ̀, ọkọ yóò sì dúró síbí gba ìwé rẹ̀. Ohun kan péré ni kó má ṣe: kó má jáde ní Amẹ́ríkà. Bó bá jáde kí ìwé náà tó bọ́ sí i lọ́wọ́, ọdún mẹ́wàá ni ìjọba yóò fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn."

"Bàbá mi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i ní Èkó," ni Mosúnmọ́lá fèsì, "ká tó lè dé kọ́ọ̀tù."

Lọ́yà náà wo ọ̀kan, ó wo èkejì. "Ẹ jẹ́ kí bàbá yín gbọ́ ohun tí mo sọ yìí, nígbà náà."

Ìmọ̀ràn tó dára jù lọ tí wọ́n gbà ní gbogbo àkókò yẹn nìyẹn. Wọn kò lò ó. Ọ̀dọ̀ Aunty Eunice ni wọ́n lọ.

Aunty Eunice ni alárinà wọn. Ìgbéyàwó mẹ́ta ló ti bá ṣe nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, kò sì sí èyí tó tíì tú ká. Ní yàrá àlejò rẹ̀ ní Redan, ó gbọ́ tiwọn tán, ó sì na ìka sí Mosúnmọ́lá.

"Má sọ ọ̀rọ̀ pépà fún bàbá rẹ o! Ọjọ́ tó bá ti gbọ́ ọ, orúkọ ọmọkùnrin yìí ti di ẹni tó wá fẹ́ pépà. Kò sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́ kúrò lára rẹ̀, títí dé orí ọmọ yín."

"Kí ni kí n wá sọ, Aunty?"

"Sọ pé iṣẹ́ ò jẹ́. Ta ló máa bá iṣẹ́ Amẹ́ríkà jà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà," ni Kóredé wí, "mi ò fẹ́ fi irọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bàbá ìyàwó mi."

"Ta ló pè é nírọ́? Ṣé o ò níṣẹ́ ni?"

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sí Stockbridge, Mosúnmọ́lá ní, "Jẹ́ ká lọ sí kọ́ọ̀tù ní Tuesday. Dádì ò ní mọ̀."

"Ohun tí Ernest ṣe nìyẹn."

"Ìwọ kọ́ ni Ernest."

"Lójú bàbá rẹ, ta ni mo jẹ́ gan-an? Kò tíì rí mi rí." Ó wo ọ̀nà iwájú. "Mosún, bí mo bá fẹ́ ẹ lẹ́yìn bàbá rẹ, tí pépà sì dé, ìgbà wo ló máa tó dá ẹ lójú pé ìwọ ni mo wá fẹ́?"

Irú iyèméjì yẹn ti wà lọ́kàn Mosúnmọ́lá fúnra rẹ̀ rí.

*

Ọdún Àjíǹde ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún bàbá pé ọmọkùnrin náà yóò wá. Ó ní kí wọ́n kun yàrá àlejò. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, Mosúnmọ́lá pè é pé ọ̀gá Kóredé kò fún un láyè. Bàbá ní kò burú. Wọ́n sún un sí oṣù Kẹjọ. Lọ́tẹ̀ yìí, Aunty Eunice ló pè é, torí ẹnu Mosúnmọ́lá kò gbà á mọ́. Bàbá tún ní kò burú, ṣùgbọ́n ó béèrè irú iṣẹ́ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sinmi ọjọ́ mẹ́rin nínú odidi ọdún. Wọ́n sún un sí oṣù Kejìlá. Iṣẹ́ tún pọ̀ ní oṣù Kejìlá.

Ní Saturday tó ṣáájú Kérésìmesì, Ọ̀gbẹ́ni Fọláhàn fúnra rẹ̀ pe Aunty Eunice, ó sì bá a ní ilé ìdáná Mosúnmọ́lá. Aunty gbé fóònù náà sórí tábìlì, ohùn bàbá sì gba gbogbo ilé.

"Madam, ẹ kú wàhálà wa. Ẹ bá mi bi ọmọkùnrin yẹn: níbo ni ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ ń gbé?"

"Ha! Kò níyàwó kankan, sà. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa."

"Ohun kan ń dè é mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò sóhun tó dè é kì í sá fún wákàtí mọ́kànlá. Mo ti darí bàálù tó gbé arúgbó ẹni àádọ́rùn-ún ọdún wálé kó lè rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì tún padà lọ́sẹ̀ kejì. Ẹ sọ fún un pé ìparí oṣù Kejì ni mo fún un. Bó bá kọjá ọjọ́ yẹn, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ sí mi létí mọ́. Bí Mosúnmọ́lá bá sì tún lọ fọwọ́ sí ìwé lẹ́yìn mi, kó má pè mí ní bàbá mọ́."

Kóredé dúró nídìí ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Ó fọ abọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ara rẹ̀ tún wá balẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó yí àsẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná ilé padà. Ó kọ́ Mosúnmọ́lá bí wọ́n ṣe ń ti omi pa bí páìpù bá bẹ́. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ àpótí ìwé Faith tó ti là. Inú Mosúnmọ́lá dùn. Ó rò pé ilé tí wọn yóò jọ gbé ló ń tún ṣe.

Ní Thursday kan nínú oṣù Kejì, ó ní wọ́n ń fi AC sí ilé tuntun kan ní Fayetteville, òun yóò sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dì mọ́ Faith pẹ́, ọmọ náà ní, "Uncle, you're squishing me."

*

Aago méje kọjá díẹ̀ ní àárọ̀ Friday, Mosúnmọ́lá ń gbé Faith lọ sí ilé ìwé nígbà tí ìpè fídíò wọlé láti Èkó. Ó yà bá ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ojú bàbá rẹ̀ kún fóònù náà, ó ń rẹ́rìn-ín bí ó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn kí ìyá Mosúnmọ́lá tó kú.

"Ọkọ rẹ dé!"

"Ọkọ wo, Dádì?"

"Mélòó lo ní? Kóredé! Wákàtí mẹ́wàá àti ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta. Afẹ́fẹ́ ṣe é lóore. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó kàn kanlẹ̀kùn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní kó dìde, kò dìde. Àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, Mosún! Ọmọ gidi ni. Mo ti ṣẹ̀ ẹ́, mo sì ti sọ fún un bẹ́ẹ̀."

Mosúnmọ́lá gbọ́ tí ẹkún jáde lẹ́nu òun fúnra rẹ̀.

"Sunkún rẹ, sunkún rẹ," ni bàbá wí. "Ẹkún ayọ̀ ni."

"Ẹ fún un ní fóònù, Dádì."

Kóredé bọ́ sójú fóònù. Ọ̀nà ti mú kí ojú rẹ̀ wú díẹ̀.

"Kí lo ṣe?" ni Mosúnmọ́lá bi í.

"Mo wá kí bàbá wa."

"Ta ló rán ẹ?"

"Kò sẹ́ni. Ó sú mi kí bàbá máa ka ìyàwó mọ́ mi lọ́rùn, nígbà tí mi ò tíì lè fẹ́ ẹyọ kan." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Mi ò fẹ́ kó o sọ bàbá rẹ nù nítorí mi. O ò lè rí òmíràn."

"Kóredé, o ò lè padà mọ́. O mọ̀ pé o ò lè padà!"

"Mo mọ̀."

"Ta ni kò lè padà?" Ohùn bàbá ni, lẹ́yìn. "Padà síbo? Kí lọmọ yìí ń sọ?"

Níbẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, pẹ̀lú Faith tó ń fi ẹsẹ̀ gbá àga lẹ́yìn, Mosúnmọ́lá gbọ́ bí Kóredé ṣe ń sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá: físà tó parí, ohun tí lọ́yà wí, ọdún mẹ́wàá. Kò dárúkọ Aunty Eunice. Ó ní òun lòun fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́.

Wọ́n gbọ́ tí bàbá dìde, tó lọ, tó sì padà wá. Nígbà tó tún gba fóònù, ìwé ìrìnnà ti bàbá fúnra rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ṣí i sílẹ̀.

"Kí lo rí níbí, Mosúnmọ́lá?"

Físà Amẹ́ríkà ni, kò sì tíì parí. Mosúnmọ́lá fúnra rẹ̀ ló kọ lẹ́tà ìpè tó fi gbà á, kó lè wá wo Faith. Wọ́n sún ìrìn àjò náà síwájú, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀.

"Bí Atlanta ṣe jìnnà sí mi náà ni mo ṣe jìnnà sí Atlanta," ni bàbá wí. "Èmi ì bá wá. Ní ọdún Àjíǹde, èmi ì bá ti wá. Ì bá dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú ilé ìdáná rẹ, à bá sì jọ lọ sí kọ́ọ̀tù yẹn ní ọjọ́ kejì. Ṣé ẹ bi mí ni?"

Wọn kò bi í. Láti ohun tó lé lọ́dún kan tí àwọn mẹ́ta ti ń fi orí pọ̀, kò wá sí ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ́kàn pé bàbá ìyàwó lè wọ bàálù lọ bá ọkọ. Ọkọ ni í lọ bá àna rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn dàgbà nìyẹn, wọn kò sì yẹ̀ ẹ́ wò rárá.

*

Oṣù Kẹrin ni Mosúnmọ́lá tó rí àyè gbà níbi iṣẹ́. Ó fi Faith sọ́dọ̀ Aunty Eunice fún ọ̀sẹ̀ méjì. Aunty ló gbé e lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, ó ń sunkún lórí ìdarí mọ́tò.

"Èmi ni mo ní kí ẹ má sọ. Èmi yìí."

"Èmi ni mo sọ irọ́ náà, Aunty. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo iwájú."

Ní Èkó, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó, òun àti Kóredé jókòó sí ìloro bàbá. Kóredé ti ríṣẹ́ AC ní ilé ìfowópamọ́ kan. Ó ti rù.

"Ọdún mẹ́wàá, Mosún. Lọ́yà ní a lè bẹ ìjọba kí wọ́n dín in kù, ṣùgbọ́n kò ṣèlérí."

"Mo mọ ìṣirò. Ọdún mẹ́wàá náà ni Faith yóò pé méjìdínlógún. Bí wọn ò bá jẹ́ kó o wá, èmi á wá."

"O ti máa pé ọdún márùndínláàádọ́ta."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé wàá dúró lójú kan ni?"

"Ọmọ tí a ní a fẹ́ bí ńkọ́?"

"Bí Ọlọ́run bá fún wa, á máa wo ojú bàbá rẹ̀ lórí fóònù." Ó gbọ́ ohun tí ó sọ, ó sì yíjú kúrò.

"O ṣì lè sọ pé rárá," ni Kóredé wí jẹ́jẹ́. "Kò sẹ́ni tó máa dá ẹ lẹ́bi. Èmi gan-an ò ní dá ẹ lẹ́bi."

Ní ọjọ́ kejì, ènìyàn méjìlá péré ló wà ní pálọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ẹrù ìyàwó síwájú, Ọ̀gbẹ́ni Fọláhàn pe ọmọ rẹ̀ kó wá dúró tì í, bí àṣà ti wí, kí ó lè bi í lẹ́ẹ̀mẹta bóyá kí àwọn gba ẹrù náà. Ìbéèrè ẹ̀rín ni lọ́pọ̀ ilé. Ìyàwó á ṣe bí ẹni pé ó ń rò ó, àwọn ènìyàn á máa pariwo.

"Mosúnmọ́lá, ṣé kí a gbà á?"

"Ẹ gbà á, sà."

"Bí a bá gbà á, a ò ní dá a padà. Ṣé kí a gbà á?"

"Ẹ gbà á."

Ó yẹ kó bi í lẹ́ẹ̀kẹta. Ó yíjú wo Kóredé dípò bẹ́ẹ̀. Gbogbo ilé ń retí rẹ̀. Mosúnmọ́lá di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú.

"Ẹ gbà á, Dádì," ni ó wí. "Ẹ má bi mí mọ́."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi jẹ́ ọkọ àti ìyàwó nínú ilé kan. Ní ọjọ́ kẹwàá, Kóredé gbé àpótí Mosúnmọ́lá dé ibi tí wọ́n ti ń dá àwọn tí kì í ṣe èrò bàálù padà. Ó dúró síbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wọlé.

Nígbà tí wọ́n balẹ̀ ní Atlanta, ìlà àwọn ọmọ ilẹ̀ náà kò gùn. Ọkùnrin tó ń wo ìwé kò dàgbà ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, ara rẹ̀ sì yá mọ́ ènìyàn. Ó rí òrùka tuntun lọ́wọ́ rẹ̀, ó kí i kú oríire, ó sì wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ọkọ yín ńkọ́? Ó ń bọ̀ lẹ́yìn ni?"

Mosúnmọ́lá wo ojú ọkùnrin náà tààrà.

"Kò ní pépà," ni ó wí. "Ìjọba ní kò gbọdọ̀ wọlé fún ọdún mẹ́wàá."

Ohùn rẹ̀ já gaara, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ọkùnrin náà kò mọ ohun tí ó lè fi òtítọ́ yẹn ṣe. Ó dá ìwé ìrìnnà rẹ̀ padà fún un, ó sì pe ẹni tó kàn.